Akọni Tó Ń Wá Títì

Bí ẹ bá wọ Ìkọ̀tún tí ẹ rí bàbá kan tó ń tiro, tó ń wú bí búrẹ́dì, ẹ yà fún un: Ọlọ́runṣògo ni, Ajagun-fẹnu, ọkọ Ìbíyẹmí. Kò bá ọ̀tá pàdé rí, ọta kò sì fẹ́ ẹ létí rí, síbẹ̀ ó ní ọta wà lẹ́sẹ̀ òun láti ìgbà ogun abẹ́lé. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ òsì ni. Tó bá di ọ̀sán, á di ọ̀tún.

Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ onílé ní àwọn yóò fi orúkọ akọni kan pe títì àwọn lọ́jọ́ ìrántí àwọn ológun, ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wọ àwọn lára jù. Inú Ọlọ́runṣògo dùn dé eegun. Ó ra aṣọ sójà àlòkù, ó sì fi mẹ́dàlì bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ kọ́ àyà.

"Baálé mi, 'Bọ́ọ̀lù Iléèwé' ló wà lára rẹ̀ o," Ìbíyẹmí wí.

"Ta ló fẹ́ kà á?"

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ó já máìkì gbà lọ́wọ́ alága.

"Etí odò la wà, à ń se ẹ̀wà. Àfi gbàù! Ọ̀tá ti ká wa mọ́!"

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ ọn, ló bá fi iyọ̀ kún un.

"Gbogbo wa pátá ni wọ́n pa! Ẹyọ ẹnì kan ò yè!"

Màmá Sìdíkátù, tí ọkọ rẹ̀ bá ogun náà lọ lóòótọ́, gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?"

"Èmi gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pa!"

Festus, alága, rọra ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ká dìde fún olóògbé Ọlọ́runṣògo."

Gbogbo èèyàn dìde. Ọlọ́runṣògo pàápàá ti tẹríba kó tó yé e. Ni ẹ̀rín bá bú.

"Mo ní wọ́n fẹ́ẹ̀ pa mí ni jàre!" Ta ló gbọ́?

Màmá Sìdíkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí máìkì kàn án, ó ní, "Mùtíù ọkọ mi jáde láàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀. Mi ò tíì rí i."

Orúkọ Mùtíù ni wọ́n fi pe títì náà. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Wọ́n wá ń pín ìrẹsì. Mọ̀dínátù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín in, gbé abọ́ kọjá lórí Ọlọ́runṣògo.

"Tèmi dà?"

"Ẹ má bínú, bàbá," ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Sàráà yín là ń jẹ."