Ta Ló Ń Ya Táyé àti Kẹ́hìndé?

Ẹ bá mi fa àga súnmọ́ tòsí, kí ẹ sì máa rọra rẹ́rìn-ín, torí ara mi gan-an ni mo fẹ́ bú lónìí. Èmi Bọ́lárìnwá, Akápò Password, Atẹ-keyboard-bí-ẹni-tẹ-dùùrù, Abẹ̀rù-má-sàá-bí-server-bá-kú. Èmi náà ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dúró de ẹlòmíràn kó tó kì mí, ìgbà wo ni mo fẹ́ gbọ́ oríkì?

Ọdún 2015 la wà yìí, ní Calgary. Ilé-iṣẹ́ epo kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní downtown, lórí àjà kẹtàlélógún. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ni Systems Analyst II. Two yẹn ló ń bí mi nínú. Ni mo bá lọ tẹ káàdì fúnra mi, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà: Senior Virtualization Architect. Nígbà tí mo fi máa pín in tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Brother mọ́. Architect ni.

Orúkọ yẹn ràn débi pé Mummy Súmbọ̀, ìyá wa kan tó ń gbé New Brighton, gbé plan ilé tó ń kọ́ sí Ìkòròdú wá bá mi lẹ́yìn ìsìn.

"Architect, ẹ bá mi wò ó."

Ẹni tó bá nítìjú á sọ pé, "Mummy, kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe o." Èmi kọ́. Mo wọ awò ojú mi, mo gba bírò, mo wúkọ́.

"Mummy, ẹ wo kitchen níbí, ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ pa wọ́n pọ̀, kí omi wọn lè gba ọ̀nà kan ṣoṣo."

Ó ṣàdúrà fún mi títí ẹnu fi ro ó.

Kí wá ni iṣẹ́ mi gan-an? Kò le rárá. Host ni kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Virtual machine ni kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀, inú host ló ń gbé bí ayálégbé ṣe ń gbé basement. Host kan lè gba ogún ayálégbé. Bí host bá kú, gbogbo wọn di aláìnílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó bá ṣe pàtàkì, virtual machine méjì la máa ń gbé e fún, a ó sì kọ rule kan tó máa pàṣẹ fún wọn pé: ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò gbọdọ̀ gbé inú host kan náà. Ó parí. Ó lè yé ọmọ Grade 5.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ wa ni ti géètì camp wa, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ní Fort McMurray. Káàdì ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọlé, kò sì sí káàdì tó lè ṣiṣẹ́ láìsí virtual machine méjì kan tí mo fọwọ́ ara mi sọ lórúkọ. Táyé àti Kẹ́hìndé ni mo pè wọ́n. Clement, ọ̀gá wa, òyìnbó jẹ́jẹ́ kan láti Red Deer, ń pè wọ́n ní Tyler and Kenny. Mo gbà fún un.

Ìgbà yẹn náà ni owó epo já wálẹ̀. Tuesday wá di ọjọ́ tí gbogbo wa ń sá fún. Tí ilẹ̀ ọjọ́ Tuesday bá ti mọ́, HR á pe èèyàn, onítọ̀hún á gbé páálí, ó di ilé nìyẹn. Àwa mẹ́jọ la wà nínú team wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di February 2016, ó ku Clement, èmi àti Mọ́láyọ̀.

Mọ́láyọ̀ wá ṣe college ní Calgary níbí, ó jáde, wọ́n gbà á sí contract. Iṣẹ́ yẹn ni PR rẹ̀, ìwé tó máa fi lè gbé Canada títí, rọ̀ mọ́. Èmi ní ilé ní Copperfield tí báǹkì ò tíì fi sílẹ̀ fún mi, mo ní ìyàwó, Dóyin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní hospital tó wà ní Seton, mo ní ọmọ, mo sì ní orúkọ Architect. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ yẹn ni n kò lè yááfì.

Ẹ jẹ́ kí n tún jẹ́wọ́ kan sí i. Bí mo bá sọ pé "a jọ ṣe é ni," Mọ́láyọ̀ ló ṣe é. Bí mo bá sọ pé "èmi ni mo ṣe é," Mọ́láyọ̀ náà ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, Clement pe àwa méjèèjì jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní tó bá fi máa di ìparí oṣù, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́ kù nínú wa. Ó ní lọ́jọ́ Thursday, àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀, a máa pa host kan lójú wọn kí wọ́n lè rí i bóyá géètì camp á ṣì máa ṣiṣẹ́.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ rule tó ya Tyler àti Kenny?"

Mọ́láyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni.

"Èmi ni," mo dáhùn.

Nígbà tí a jáde, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n?"

"Àbúrò mi, abẹ́ mi lo ti ṣe é. Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ó dáa, sà."

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn: kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣe nǹkan sílẹ̀, orúkọ Mọ́láyọ̀ ló sì kọ síbẹ̀. Lọ́sàn-án Wednesday, bó ṣe lọ jẹun báyìí, mo pa rule rẹ̀ rẹ́. "rule1" ló sọ ọ́, ẹ gbọ́ ná! Ta ló ń sọ ọmọ ní rule1? Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ronú sí orúkọ nìkan. Mo kọ ọ́, mo pa á, mo tún kọ ọ́, mo kà á sókè, mo rẹ́rìn-ín. Ní ìkẹyìn mo fọwọ́ sí i: BOLARINWA-ARCHITECT-MASTER-SHIELD-01.

Lábẹ́ orúkọ, àpótí kékeré kan wà tó ń béèrè irú rule tí èèyàn fẹ́. Kọ̀ǹpútà ti fi tirẹ̀ síbẹ̀ kí n tó dé: Keep Virtual Machines Together. Mo rí i o. N kò ní ṣe bí afọ́jú fún yín. Ojú mi kọjá lórí ẹ̀ wẹ́rẹ́, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àwọn àbúrò ìyá mi méjì jẹ́ ìbejì. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, bí wọ́n bá na ọ̀kan, èkejì ló ń sunkún. Táyé àti Kẹ́hìndé, kí wọ́n wà pa pọ̀: kí ló tún kù? Mo tẹ OK.

Lójú mi báyìí ni Kẹ́hìndé kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní host two, ó lọ bá Táyé ní host three. Mo ní, "Ọmọ tó gbọ́ràn." Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Handiwork. Thursday, the big men are coming." Amen mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n dá padà fún mi.

Nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé fóònù fún Dóyin kó lè yìn mí. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Daddy Dámi, Táyé, host three. Kẹ́hìndé, host three. Ṣé ilé kan náà nìyẹn?"

"Ilé kan náà ni."

"Ní wọ́ọ̀dù tiwa, nọ́ọ̀sì méjì tó mọ iṣẹ́ kan náà kì í lọ break pọ̀."

"Dóyin, nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ìbejì nìyí. Ta ló ń ya ìbejì?"

"Mo kàn béèrè ni o."

"Má béèrè mọ́."

Dámi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbójú sókè. "Daddy, Mommy's kinda right."

"Eat your food."

Ní àárọ̀ Thursday, inú train ni mo wà tí Mọ́láyọ̀ fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. N kò gbé e. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó fẹ́ bẹ̀ mí kí òun bá mi dúró níwájú àwọn ọ̀gá ni. Mo pa fóònù.

Yàrá ìpàdé kún. Àwọn ọ̀gá àgbà jókòó, kọfí wà, doughnut wà. Wọ́n so tẹlifóònù pọ̀ mọ́ ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì camp, kí gbogbo wa lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Súùtù tí mo fi gbé Dóyin níyàwó ni mo wọ̀, bọ́tìnnì ẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mọ́láyọ̀ wà lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi, ó ń mi orí. Mo fi ojú lé e sẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀, mo sọ̀rọ̀ lórí ìran tó jìnnà, ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́ bíi wòlíì.

"Táyé ń bẹ ní host three. Clement, pa host three!"

Clement pa á.

Lórí screen ńlá tó wà lára ògiri, iná Táyé pupa. Iná Kẹ́hìndé náà pupa.

Ohùn ọkùnrin camp ló kọ́kọ́ dé. "Uh, Calgary? Nobody's card is working. I've got two hundred guys at the gate. It's minus twenty-six out here."

Mo sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà, n kò mọ ohun tí mò ń tẹ̀. Mọ́láyọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó rọra gba mouse. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, pé Táyé àti Kẹ́hìndé ń gbéra lórí host two. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, gbogbo ìṣẹ́jú náà la sì fi gbọ́ bí igba ọkùnrin ṣe ń bú ẹni tí wọn ò mọ̀.

Nígbà tí géètì ṣí, ọ̀gá àgbà kan ní kí wọ́n ṣí rule yẹn sójú ògiri. Mọ́láyọ̀ wò mí, kò fẹ́ ṣí i. Clement ló ṣí i. Ó hàn gàdàgbà, lẹ́tà ńláńlá: BOLARINWA-ARCHITECT-MASTER-SHIELD-01. Àti lábẹ́ ẹ̀: Keep Virtual Machines Together. Clement yí i sísàlẹ̀: rule1, Mọ́láyọ̀ ló kọ ọ́, Separate Virtual Machines, Bọ́lárìnwá ló pa á rẹ́ lánàá. Mo ti fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n mọ̀.

Clement yíjú sí mi, kò pariwo. "Bo, why together?"

Gbogbo gírámà mi ti sá lọ. Ohun tó kù lẹ́nu mi ni mo sọ.

"They are twins."

Ẹnì kan gbé doughnut rẹ̀ padà sínú páálí.

Tuesday tó tẹ̀ lé e, ó kàn mí. Mọ́láyọ̀ ló bá mi gbé páálí mi wọnú elevator, a ń sọ̀ kalẹ̀. Ní àjà kẹwàá, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín. Mo rí i pé rule mi ti lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dójú tì yín ni."

Ojú tì mí gan-an, ju ti Thursday lọ. Mo ní, "Àbúrò mi, má bínú. Ìwọ lo ṣe gbogbo ẹ̀." N kò fi gẹ̀ẹ́sì lé e. Ó ní, "Ó ti tán, sà," ó sì bá mi gbé páálí dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sunday, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Ìròyìn ti débẹ̀ kí n tó dé, kò sẹ́ni tó pè mí ní Architect, mo sì ń dúpẹ́ lọ́kàn mi. Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Mummy Súmbọ̀ dìde láàárín ìjọ, ó gbé fóònù sókè.

"Architect!"

Gbogbo ojú yí padà.

"Wọ́n ti kọ́ ọ tán ní Ìkòròdú o, bí ẹ ṣe ní kí wọ́n kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ó di oṣù kejì báyìí tí àwọn ará ilé mi ò lè jẹun. Bí wọ́n bá ń ro ẹ̀bà níbí, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń ṣe. Kitchen àti ilé ìyàgbẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà wọ́n."