Ẹjọ́ Ẹ̀kán Mẹ́rin Tí Wọ́n Dà sí Síǹkì

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹjọ́ kan ti wọ ààfin. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí ni wọ́n ń pè ní ààfin, nítorí àga ibẹ̀ nìkan ló ní apá. Kábíyèsí ni wọ́n ń pe ọ̀gá fúnra rẹ̀, nítorí láti ọdún mọ́kànlá, kò sọ "mi ò mọ̀" rí.

Ìyá Fíríìjì, tó ń tọ́jú ohun inú fíríìjì ilé ìwádìí, ló pẹjọ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi dúró de ìgò antibọ́dì kan tí kò ju ọmọ ìka lọ. Bí wọ́n bá kán an sórí ẹran ara tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, á wá okùn tó gbé iṣan ró láti inú lọ, á lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀kán márùn-ún ló kù. Ó ń fi wọ́n pamọ́ de bíríkìlà kan tí apá rẹ̀ kò gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, tí wọ́n ti gé ẹran díẹ̀ lápá rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkùnrin náà wà lórí bẹ́ńṣì níta. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di bọ́tìnnì.

"Kábíyèsí, Ọ̀mọ̀wé yìí da antibọ́dì mi sí síǹkì!" Ó nawọ́ sí ọ̀dọ́ tó ń darí ìwádìí níbẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Sẹ̀ríà ni mo dá fún un. Ẹlẹ́rìí èké ni."

"Ta ni ẹlẹ́rìí èké?"

"Antibọ́dì náà, sà. Mo ní kó tọ́ka iṣan fún mi. Mo fi ẹ̀kán kan dán an wò lórí kíndìnrín, níbi tí kò ti sí iṣan rárá. Ló bá tọ́ka! Ẹni tó purọ́ mọ́ kíndìnrín, ṣé apá bíríkìlà ló máa sòótọ́ lé lórí?"

Ìyá Fíríìjì pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, o kàwé kàwé, ìwé wá ń kà ọ́ padà!"

Wọ́n pe Baba Awò, tó ń fi awò wo ohun tí ojú lásán kò rí.

"Baba, kí lẹ rí lórí kíndìnrín náà?"

"Iṣan ni, Kábíyèsí."

"Nínú kíndìnrín?"

"Iṣan ẹ̀jẹ̀, sà. Iṣan tó ń súnkì ló wà lára ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló tọ́ka sí."

"Akọ̀wé, ìwọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà. Ó sì pọ́n gan-an."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó pọ́n?"

"Ọ̀mọ̀wé ló ní kí n má rí i, sà. Òun ló ń buwọ́ lu ìsinmi mi."

Kábíyèsí kọjú sí Ọ̀mọ̀wé. "Iṣan lo pè?"

"Iṣan ni, sà."

"Iṣan ló dá ọ lóhùn?"

"Kì í ṣe iṣan tó wà lọ́kàn mi, sà."

"Áà! O pe ẹnì kan lórúkọ, ó jẹ́ ọ, o lù ú pa, torí pé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ."

Ìyá Fíríìjì mí kanlẹ̀. Ó rò pé òun ti jàre. Ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀, kò tíì mọ ààfin.

"Ìdájọ́ nìyí," Kábíyèsí wí. "Antibọ́dì sòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ níbi tí ọ̀mọ̀wé ti ní kò sí. Àfojúdi ni, ó jẹ̀bi. Níwọ̀n bó ti kú, a dárí jì í. Síǹkì gba ẹrù olè. Kí wọ́n tì í pa fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀mọ̀wé, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan nù. Láti òní, ìwọ ni alága ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ohun èlò."

"Èmi ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Ìyá, ẹ kọ̀wé pé ẹ ń fẹ́ òmíràn. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe títí láé."

"Wọ́n ti rẹ́ ẹran ọkùnrin yẹn sórí gíláàsì tán. Ṣé ó máa dúró oṣù mẹ́jọ?"

Kábíyèsí wo àjà. "Mi ò mọ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Fíríìjì jáde lọ bá bíríkìlà lórí bẹ́ńṣì, ó sọ fún un. Ọkùnrin náà ní kò séwu. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀kán mẹ́rin ló ṣòfò, àti ẹran apá bíríkìlà. Ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kí wọ́n gé òmíràn lápá rẹ̀ mọ́.