Kòtò Tó Dán Ju Abọ́ Lọ

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹsẹ̀ tútù ló gbé e wá. Aránṣọ ìsàlẹ̀ òkè ló kọ́kọ́ wọlé, bàtà rẹ̀ ń kán tótó. Bírikìlà tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Inú Baálẹ̀ dùn. Òun ló ṣòfin pé ilé tuntun kọ́ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kòtò tí yóò máa mu omi òrùlé, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bíi kí wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀ òfin ara rẹ̀.

"Kí ló dé, ìyá?"

"Baálẹ̀, omi òrùlé ọkùnrin yìí ń bẹ ní pálọ̀ mi! Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo tí mo fi ń bọ́ ọmọ, orí tábìlì ló ń sùn. Bí òjò bá tún wọlé, ó ti dógùn-ún nìyẹn. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi ò gbà o!"

"Bírikìlà, o ò gbẹ́ kòtò ni?"

"Mo gbẹ́ ẹ, Bàbá! Mo rẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè wò ó fá irùngbọ̀n."

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Sìmẹ́ǹtì gidi ni mo dà síbẹ̀!"

"Níbo wá ni omi ń gbà wọlẹ̀?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ omi, Bàbá. Èmi ti ṣe tèmi. Omi tó nílé tó dáa tóyẹn, tó tún ń rìn lọ sí pálọ̀ onípálọ̀, oníwàkíwà ni. Òun ló yẹ kí wọ́n pè lẹ́jọ́."

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n pe ìyàwó bírikìlà.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọkọ mi. Kòtò wa kì í kún. Kí òjò tó dá, ó ti gbẹ táútáú."

Wọ́n pe káfíńtà, ọ̀rẹ́ bírikìlà, pé kó wá ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

"Òótọ́ ni ìyàwó wa sọ. Kòtò náà dára. Ṣebí inú ẹ̀ la ti mú ẹja tí a jẹ lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹja?" ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹja kékeré ni," ni ìyàwó bírikìlà yára sọ. "Kì í fẹ́ omi púpọ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bírikìlà, òmùgọ̀ wo ló kọ́ ẹ pé kí o rẹ́ ìdí kòtò?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n má dáhùn."

"Dáhùn!"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo ń kọ́ gbọ̀ngàn yìí, òkúta lórí ilẹ̀ lásán ni mo fi sí ìdí kòtò, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ẹ ní, 'Kòtò ààfin ni yóò rí játijàti báyìí? Rẹ́ ẹ kó dán!' Mo rẹ́ ẹ, ẹ yìn mí. Láti ọjọ́ náà, n kò gbẹ́ kòtò kan kí n má rẹ́ ẹ."

Ojú ti Baálẹ̀. Ó rántí pé òun tilẹ̀ máa ń mú àlejò lọ wò ó. Òjò sì ti ń rọ̀ láti ìgbà tí káfíńtà ti ń sọ̀rọ̀. Omi yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba abẹ́ àga àwọn ìjòyè, ó dé ìdí pèpéle tí àga Baálẹ̀ wà. Àwọn ìjòyè gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Èmi tí mo ṣòfin, mo gbàgbé ohun tí òfin wà fún. Ìwọ tí o mọ̀, o panu mọ́. Àwa méjèèjì jẹ̀bi. Orí pèpéle mi nìkan ló gbẹ níhìn-ín. Ìyá, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá síbẹ̀, ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ máa ránṣọ. Bírikìlà, mú dígà. Èmi yóò gbé korobá. A ó fọ́ ìdí kòtò tìrẹ, a ó fọ́ ti ààfin. Nínú àwa méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mumi."

"Ẹja ńkọ́?" ni ìyàwó bírikìlà bi í.

"Ti aránṣọ ni."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti fọ́ ti bírikìlà tán, Baálẹ̀ sì wà nínú kòtò ààfin, ẹrẹ̀ mù ún dé ìbàdí. Ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lórí pèpéle rẹ̀. Ó gbójú sókè sí fèrèsé.

"Ìyá, ṣé kò tíì tó?"

Aránṣọ bojú wo ìsàlẹ̀, kò dá ẹ̀rọ dúró.

"Kò tíì mumi, Baálẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ sí i."