Kò Sí Fọláhàn Níbi Ebè

Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko jáde ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ kò ní ṣàì rí ilé Fọláhàn. Kì í ṣe pé ilé náà tóbi. Pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé lọ. Àwòrán Fọláhàn ló kún inú rẹ̀ láti etí dé etí, pẹ̀lú gíláàsì ojú, fìlà gọ̀bì, àti ẹ̀rín tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà bá a di eyín tó ti ká. Abẹ́ ẹ̀rín yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ILÉ Ẹ̀KỌ́ KÒ-SÍ-ÈMI. OLÙDÁSÍLẸ̀, ALÁKÒÓSO ÀGBÀ ÀTI OLÙKỌ́ KAN ṢOṢO: ỌLỌ́LÁ FỌLÁHÀN.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a kò tíì débẹ̀.

Fọláhàn, Àgbà-tí-kò-sí-tó-gba-àga-méjì, ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bó bá wọ kíláàsì, tíṣà àti ọmọ á jọ dìde fùú. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ewúrẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an kò dìde fún un mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ibi tó ti ń fi fóònù wá ohun tí yóò tún sọ ọ́ di èèyàn ńlá ló ti ko ẹ̀kọ́ Búdà.

Mọ́ǹkì àgbàlagbà kan, òjíṣẹ́ ẹ̀sìn Búdà láti Sìrì Láńkà, ló ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, “Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ‘èmi’ yẹn, ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí i. Ara ń yí padà. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀. Inú dùn, inú bàjẹ́. Odò ni. Omi tó ṣàn lánàá kọ́ lẹ ń wò lónìí.”

Fọláhàn pàtẹ́wọ́, ó pa fóònù. Ó ti gbọ́ èyí tó wúlò fún un. Ìyàwó rẹ̀, Doyinsọ́lá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì, ló gbọ́ ìyókù lórí fóònù tirẹ̀ níbi tó ti ń bẹ iṣu. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí wàhálà tí Fọláhàn kò lè bọ́ nínú rẹ̀.

“Bàbá Peace,” ni ìyàwó rẹ̀ bi í, “ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò?”

“Jíjẹ ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni kò sí.”

“Ṣé ẹni tí kò sí náà ló fi epo kun irùngbọ̀n yín báyìí?”

Ṣùgbọ́n ẹ pè é láìfi “Ọlọ́lá” síwájú ná! Odidi ọjọ́ ni yóò fi fajú ro. Ẹni tí kò sí kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ìhòòhò.

Àáró ló wá dá a lẹ́jọ́. Ẹ mọ bí àáró ṣe rí: ẹ bá mi kọ ebè lónìí, mo bá yín kọ lọ́la. Gbogbo ẹgbẹ́ ti kọ ti Fọláhàn tán, òun alára sì jókòó lábẹ́ agboòrùn, ó ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kó ga dáadáa. Aládùúgbò rẹ̀, Ògúndélé, ló ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ògúndélé nínú ikùn, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti gé èbù iṣu rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan ti ń yọ ẹnu, àwọn kan ti ń rà. Bí èbù yẹn bá ṣòfò, ilé Ògúndélé kò ní í rí iṣu jẹ, wọn kò sì ní í rí èyí tí wọn yóò gbìn lámọ́dún. Ó fi ọwọ́ di ikùn mú, ó rọra rìn wá bá Fọláhàn.

“Ẹ̀gbọ́n, àáró kan oko tèmi ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí uṣu mi ó jẹrà sórí ulẹ̀.”

“Ògúndélé, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ògúndélé bojú wẹ̀yìn. “Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí.”

“Fọláhàn tó ṣèlérí ti ṣàn lọ. Èyí tó jókòó síbí kò bá ẹnikẹ́ni dá àáró.”

“Àmọ́ ebè tí mo kọ fún yín kò tíì ṣàn lọ o. Mo rí i bí mo ṣe ń bọ̀.”

Fọláhàn di ojú. “Ìwọ tó kọ ọ́ gan-an kò sí. Máa lọ sílé, kí o lọ ronú sí i.”

Ògúndélé lọ sílé, ó ronú sí i. Èbù ló ń rí.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìròyìn dé etí Fọláhàn pé pàkúté Bàbá Jẹ́jẹ́, olórí àáró, ti mú ọ̀yà kan tó sanra bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, àti pé oko Ògúndélé ni wọn yóò ti fi jẹ iyán. Ọkàn Fọláhàn yí padà kíákíá. Odò ni, àbí? Ó pe Adéolúwa, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣoṣo, pé kó gbé fóònù wá kí gbogbo ayé lè máa wo ẹ̀kọ́ Kò-Sí-Èmi láàárín àwọn àgbẹ̀. Ó já kọ́tìnì pálọ̀ aláwọ̀ ọsàn, ó so ó mọ́ èjìká bíi ti mọ́ǹkì, ó sì gbọ̀nà oko.

Ní àáró tiwọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pe orúkọ. Wọn á pè é létí oko, kí olúkúlùkù tó gba apá tirẹ̀. Wọn á tún pè é nídìí oúnjẹ, kó tó gba ẹran. Ẹni tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kíní ló ń dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Kò sì sí ẹni tó ń kọ apá ẹlòmíràn, èèwọ̀ ni.

Bàbá Jẹ́jẹ́ pe orúkọ títí, ó dé orí ọkùnrin wa. “Fọláhàn!”

Fọláhàn kọjú sí fóònù Adéolúwa. “Ẹ̀yin olùwòran káàkiri ayé, ẹ gbọ́ o. Bàbá, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí.”

“Kò sí kẹ̀?”

“Kò sí rárá. Ara lẹ rí. Èrò lẹ gbọ́. Fọláhàn kò sí.”

“Ó dáa,” ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. Ó fi ọ̀pá gún apá oko tó yẹ kó jẹ́ ti Fọláhàn. “Gbogbo wa gbọ́. Ẹ fi ibí yìí sílẹ̀.”

Ògúndélé wo ilẹ̀ gbalasa náà, ó wo èbù tó kù nínú apẹ̀rẹ̀, omi lé sí i lójú.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fọláhàn tẹ́ ẹní sábẹ́ igi obì, ó ká ẹsẹ̀ lọ́nà tó le fún orúnkún rẹ̀, ó di ojú. Nígbà tó yá, ojú ti Adéolúwa náà. Ó gbé fóònù kọ́ sí ẹ̀ka igi, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́, ó gba apá tirẹ̀, ó yá ọkọ́. Oòrùn mú. Àwọn obìnrin, Doyinsọ́lá náà láàárín wọn, ń gún iyán. Òórùn ọbẹ̀ ọ̀yà gbéra, ó gba abẹ́ igi obì kọjá, ihò imú ẹni tí kò sí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Wọ́n dá ọkọ́ dúró, wọ́n pe orúkọ nídìí oúnjẹ. Doyinsọ́lá ló di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Adéolúwa pàápàá gba ẹran. Bàbá Jẹ́jẹ́ wá jókòó. “Ó parí. Ẹ jẹ uyán kó tó tutù.”

Fọláhàn wúkọ́. “Bàbá, ó dà bíi pé ẹ gbàgbé orúkọ kan.”

“Orúkọ ta ni?”

“Ti... ti ara tó jókòó síbí.”

“Kí ni ara náà ń jẹ́?”

Fọláhàn wo fóònù. Ó wo itan ọ̀yà. Ó tún wo fóònù.

“Gbọ́, ọmọ mi,” ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí, “ẹni tí kò sí níbi ebè, kò lẹ́nu níbi ọbẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n ebi ń pa!”

“Ebi ń pa ta?”

“Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá,” ni Doyinsọ́lá wí. “Ebi ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó ń pa ni kò sí.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí itan ọ̀yà náà. Ibẹ̀ ni sùúrù Búdà tán. Fọláhàn fò dìde, ó tẹ etí kọ́tìnì mọ́lẹ̀, kọ́tìnì já bọ́, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé tó ti ya nídìí.

“Èmi ni! Èmi Fọláhàn! Ọlọ́lá! Olùdásílẹ̀! Alákòóso Àgbà! Èmi ni mo jókòó síbí láti àárọ̀! Ẹran mi ni! Tèmi ni!”

Adéolúwa sáré lọ wo fóònù rẹ̀ lórí igi.

“Ọ̀gá, wọ́n ṣì ń wò wá o. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé wọlé.”

“Kí... kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní ẹ káàbọ̀.”

Àwọn kan dojú bolẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, iyán ń jábọ́ lẹ́nu wọn. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú ọkọ́, ó fi í lé Fọláhàn lọ́wọ́. “Ọpẹ́ ni f’Ólúwa. Ògúndélé, ẹni tó bá ọ dá àáró ti dé. Bó bá parí uṣẹ́, ẹran rẹ̀ ń bẹ níbí.”

Ojú ti Fọláhàn, ojú gbà á tì. Doyinsọ́lá gbé apẹ̀rẹ̀ èbù tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀yin lẹ pa fóònù kí ọ̀rọ̀ tó dùn, Bàbá Peace. Mọ́ǹkì yẹn ní bí kò bá sí èmi kan tí à ń kẹ́ bí ẹyin, kí ló kù tí a fi ń sọ pé ìyà aládùúgbò kò kàn wá? Ó ní iṣẹ́ ẹlòmíràn máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ara rẹ̀ rù kiri.”

Fọláhàn kọjú sí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè. Ebè àkọ́kọ́ tó kọ dà bí ibi tí wọ́n sin eku sí. Èkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbàgbé pátákó, ó gbàgbé Ọlọ́lá, ó tilẹ̀ gbàgbé ẹran. Ọkọ́ ń lọ, erùpẹ̀ ń dìde, Doyinsọ́lá ń ti èbù bọ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ògúndélé jókòó sétí oko, ó ń wo apẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń ṣófo, ara sì tù ú.

“Bàbá Peace,” ni Doyinsọ́lá rọra wí, “ohun tí bàbá inú fóònù ń wí nìyí. Láti àárọ̀, ìsinsìnyí gan-an lẹ kò sí.”

Fọláhàn nàró wàrà. Ó nu òógùn, ó tún síńgílẹ́ẹ̀tì ṣe, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Adéolúwa! Ṣé fóònù yẹn ń ká a sílẹ̀?”

“Iná rẹ̀ ti tán, Ọ̀gá.”

“Háà! Ta ni yóò wá mọ̀ pé èmi gan-an ni kò sí?”

Ògúndélé bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú abẹ rẹ̀ mú. “Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́,” ló ń wí, “ẹ má tú rírán mi!”