Ọjọ́ Tí Ohùn Mi Pe Bàbá Ọkọ Mi Lórúkọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin mí, òun náà ni ọjọ́ tí mo pe bàbá ọkọ mi lórúkọ láàárín èrò, ní gbangba, láìla ẹnu mi rárá. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Mi ò tíì wọlé ọkọ nígbà yẹn. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìṣeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Adégbàyí díẹ̀. Ọ̀gá wa ti rìnrìn àjò dé òkè òkun, ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn ọgbà ìṣeré ńláńlá máa ń fi báǹdì sọ́wọ́ àlejò, ó sì pinnu pé tòun náà ò ní gbẹ́yìn. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ni báǹdì yìí, ó rí bí aago tí kò lójú. Tí wọ́n bá ti fi sí yín lọ́rùn ọwọ́ lẹ́nu géètì, kò ṣeé bọ́ mọ́, àfi tí wọ́n bá gé e nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó ẹyọ ìrẹsì, tó mọ orúkọ yín. Bẹ́ ẹ bá ti dé ìdí jangilófà tàbí ìdí ọkọ̀ ojú irin kékeré, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ á ti mọ ẹni tó dé, sípíkà á sì bẹ̀rẹ̀ sí kí yín.

Ohùn tó ń kíni yẹn, ohùn mi ni. Ọ̀gá ní òun fẹ́ ohùn obìnrin tó tutù, tó máa dà bí ìyá létí àwọn ọmọdé. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan, wọ́n ní kí n máa ka oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo fi máa jáde, kọ̀ǹpútà ti kọ́ ohùn mi débi pé ó lè fi pe orúkọ tí èmi fúnra mi ò pè rí láyé. Tí ọmọdé bá ni yín, ohùn mi á bá yín ṣeré, á bá yín wí, á pè yín lórúkọ. Tí àgbàlagbà bá ni yín, "Ẹ káàbọ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá" ló máa sọ, ó parí. Èmi náà wá ń ṣe fáàrí. Mo máa ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kí n lè gbọ́ bí mo ṣe ń dùn ún gbọ́.

Táófíkì ni orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Abúlé kan lẹ́yìn Akánrán ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko ẹ̀gẹ́ àti ọsàn. Alhaji ni gbogbo ayé ń pe bàbá náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ pé rárá, kò sí ẹni tó ń yí i padà. Wọn ò sì tíì gbà fún wa. Kì í ṣe tìtorí pé bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ń kírun, èmi ń jẹ ẹran Ìléyá, mo sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ìyẹn ò dùn wọ́n. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ìyàwó kan tí àbúrò wọn fẹ́ láti ìgboro, tó ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe ọmọ kíláàsì. Ẹ kúkú mọ̀ pé nílé wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Á pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, á pe èkejì ní Ìbàdí-àrán, kódà ọmọ tó ń rákòrò, á wá orúkọ fún un. Alhaji ti sọ fún Táófíkì pé ìyàwó tó bá máa la ẹnu pe òun lórúkọ, kó má wulẹ̀ mú un wọ àgbàlá òun.

Ni Táófíkì bá ní òun mọ ohun tá a máa ṣe. Ó ní tí bàbá òun bá rí mi lẹ́nu iṣẹ́, bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí tọmọdé tàgbà, ọkàn wọn á balẹ̀. Nínú ọdún Ìléyá, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn wá. Alhaji wọ agbádá funfun, wọ́n dé fìlà tó bá a mu. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo kí wọn kú ọdún, mo kí wọn kú iyèdún, mo tún kí wọn kú ìrìn. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé ìkúnlẹ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́.

A dé ìdí kọ̀ǹpútà ẹnu géètì, níbi tí mo ti ń forúkọ àlejò sílẹ̀. Ó béèrè orúkọ, mo rọra tẹ Alhaji Làsísì, nítorí títẹ̀ ẹ́ gan-an dà bíi pé mo ti ń pè é. Ó béèrè ọjọ́ orí. Mo gbójú sókè wo irùngbọ̀n funfun wọn. Báwo ni ọmọbìnrin tí wọn ò tíì gbà níyàwó ṣe máa wo ojú bàbá ọkọ, kó ní ọmọ ọdún mélòó ni yín, sà? Mo fò ó. Ọ̀wọ̀ ni mo fi fò ó. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò bá ti ní ọjọ́ orí, ọmọdé ni kọ̀ǹpútà wa máa ń kà á sí. Ọmọdé kì í sì í jẹ́ Alhaji, ló bá yọ Alhaji dànù, ó fi ìyókù sílẹ̀. Mo so báǹdì mọ́ wọn lọ́wọ́, mo so ó le dáadáa.

A ò tíì kọjá géètì tán tí sípíkà fi sọ̀rọ̀. "Làsísì, káàbọ̀, ọmọ dáadáa. Ṣé o ti ṣetán láti ṣeré lónìí?"

Ohùn mi ni, ó tutù, ó ń rẹ́rìn-ín. Táófíkì dúró sójú kan. Alhaji wo òkè, wọ́n wo ẹ̀yìn.

"Ta ló ń pè mí?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀rọ ni, sà. Ẹ forí jì mí, sà, ó kà yín sí ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ ká padà lọ gé e."

Wọ́n wo báǹdì náà, wọ́n wo èrò tó tò sí géètì. "Fi sílẹ̀," wọ́n ní. "Níbo ló kàn?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an. Mo ní wọ́n ti ń kó ẹ̀sùn jọ nìyẹn, wọ́n fẹ́ kó kún ọwọ́ kí wọ́n tó dájọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló kàn. Wọ́n jókòó ti ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ ọdún. Ohùn mi ní, "Làsísì, fa ẹsẹ̀ rẹ wọlé. Má ti ẹni tó jókòó tì ọ́." Ọmọ náà wo Alhaji láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì sún kúrò lọ́dọ̀ wọn díẹ̀. Alhaji fa ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n sì ká agbádá wọn kúrò lára rẹ̀. A kúrò níbẹ̀, a dé ìdí jangilófà. Èmi rò pé a kàn fẹ́ kọjá ni, ṣùgbọ́n sípíkà ti rí wọn. "Làsísì, má bẹ̀rù. Jókòó, dì í mú dáadáa." Wọ́n jókòó. Wọ́n dì í mú dáadáa. Táófíkì ń ti bàbá rẹ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n ti bínú kọjá bó ṣe yẹ," ó ní. "Tí inú bá ti bí wọn dé góńgó, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí ni ká ṣe?"

"Máa kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Níbi oúnjẹ ló ti wá burú jù, nítorí ọkùnrin kan tó ń bá wọn kírun ní Akánrán jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti dìde láti kí Alhaji nígbà tí ohùn mi já lu ọ̀rọ̀ náà. "Làsísì, ọwọ́ rẹ ti dọ̀tí. Lọ fọ̀ ọ́ kí o tó jẹun." Ọkùnrin náà gbàgbé láti kí wọn. Alhaji lọ síbi omi ẹ̀rọ, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n padà wá jókòó. Èmi ò lè gbé oúnjẹ mì. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi pé wọn ò fẹ́ mi mọ́, nítorí rọ́bà.

Ìgbà tí ìrun Àsárì tó, mo bu omi sínú búùtà fún wọn lábẹ́ igi kajú kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Wọ́n dé ọrùn ọwọ́, omi ò ráyè wọ abẹ́ báǹdì tí mo so le.

"Omi ò dé ibí," wọ́n ní. "Àlùwàlá ò ní pé báyìí. Gé e."

Inú mi dùn. Mo sáré yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì, mo gé e, mo sì mí kanlẹ̀. Ó tán, ohùn mi ò ní rí wọn pè mọ́. Wọ́n parí àlùwàlá, bàbá àti ọmọ tẹ́ ẹní, wọ́n kábàrà, ìrun bẹ̀rẹ̀.

Mo gbàgbé pé tí báǹdì ọmọdé bá já kó tó dé géètì, kọ̀ǹpútà máa gbà pé ọmọ ti sọnù ni. Gbogbo sípíkà inú ọgbà dún lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin òbí. Ọmọ kan ti sọnù. Làsísì ni orúkọ rẹ̀. Làsísì, dúró síbi tí o wà, má sunkún. A ń bọ̀ wá mú ọ."

Alhaji wà ní ìforíkanlẹ̀, wọn ò mira. Èjìká Táófíkì ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ tábìlì, wọ́n ń pe Làsísì kiri. Ọ̀kan sáré wá bá mi, ó ní ṣé mo rí ọmọ kan. Mo dá a lóhùn, ó sì wò mí dáadáa.

"Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Báwo lọmọ náà ṣe ga tó?"

"Ó ga díẹ̀, mà," mo ní.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wa méjì dé, nítorí ẹ̀rọ ti fi ibi tí báǹdì ti já hàn wọ́n. Ọ̀kan mú bísíkíìtì lọ́wọ́, òun la fi máa ń tan ọmọ tó bá ń sunkún. "Ibí náà ni," ó ní. "Ọmọ ọ̀hún dà?"

Alhaji ṣe sàlámà sí ọ̀tún, wọ́n ṣe sí òsì, wọ́n yíjú padà. "Èmi ni Làsísì."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo irùngbọ̀n, ó wo bísíkíìtì, ó fi bísíkíìtì pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé la wá mú."

Alhaji nawọ́ sí i. "Ṣebí èmi lẹ mú nǹkan yẹn bọ̀ wá fún. Mú un wá."

Wọ́n gbà á, wọ́n tú u, wọ́n ní kí Táófíkì lọ gbé ọkọ̀ súnmọ́ géètì. Ó wá ku èmi àti wọn lórí ẹní. Wọ́n jẹ bísíkíìtì náà tán.

"Ohùn ẹ nìyẹn," wọ́n ní. Wọn ò béèrè, wọ́n kàn sọ ọ́.

"Ohùn mi ni, sà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo pè yín, sà. Mi ò lè dán an wò."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́." Wọ́n gbọn ẹ̀rún bísíkíìtì kúrò lára agbádá. "Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Báyẹn gan-an ni wọ́n máa ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń bá mi wí. Ọjọ́ tí wọ́n kú ni mo di Bàbá fún gbogbo ilé. Ìyàwó mi ń pè mí ní Bàbá Táófíkì. Ní mọ́ṣáláṣí, Alhaji. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n lè pè mí ti lọ tán. Mo ti ní lọ́kàn pé orúkọ yẹn bá ìyá mi wọ sàréè."

Omijé lé ròrò sí mi lójú. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ojú wọn kí n lè rí ìbínú, mi ò rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

"Nínú ilé mi, o ò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ," wọ́n ní.

"Mi ò jẹ́, sà."

"Ó dáa. Sọ fún bàbá ẹ pé à ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ." Wọ́n dìde, wọ́n gún fìlà wọn, wọ́n sì na ọrùn ọwọ́ òsì sí mi. "Ká tó lọ, fi òmíràn sí mi lọ́wọ́. Ti ọmọdé ni kó o fún mi."

A tún ọgbà náà rìn yí ká títí oòrùn fi rọ̀, Táófíkì sì ń dúró nínú ọkọ̀, kò mọ ohun tó ń dá wa dúró.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pa ohùn mi rẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, nítorí àwọn àgbàlagbà mìíràn tó bá irú rẹ̀ pàdé ò rí i bí Alhaji ṣe rí i. Alhaji ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Mo bá wọn gbé dáadáa, títí wọ́n sì fi kú, Bàbá ni mo ń pè wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ dára, èmi ò sì ní jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tá a bá ń bọ̀wọ̀ fún náà ti ṣe ọmọ ẹnì kan rí, kì í sì í tán lára rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, mo wá rí iye ìgbà tí èmi ìyàwó ilé fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ bàbá ọkọ mi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì gba àárín ìka mi jáde.