Òrùlé Ń Jò, Bàálé Wà Lógun Ológun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé"? Òjò ló fà á, òjò àti agídí.

Ará Òkè-Ìpa kó géńdé wọn lọ ran ará Ẹrẹ̀-Odò lọ́wọ́, nítorí ará Àpáta ń bá wọn jagun. Àwọn ìjòyè ní bí iṣu tuntun bá fi máa jáde, wọ́n á ti dé. Iṣu tuntun jáde, ó gbó, a jẹ ẹ́ tán, a ò rí géńdé kankan.

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró dé egungun. Ọdẹ́dìran ọkọ rẹ̀, tó wà lára àwọn tó lọ, ló mọ ilé bò jù nílùú, obìnrin kì í sì í gun òrùlé ní Òkè-Ìpa. Òjò ń rọ̀ sórí ẹní rẹ̀. Ó sún un sí igun, òjò bá a níbẹ̀. Ó bá ewúrẹ́ du abẹ́ àká, ewúrẹ́ borí.

Ló bá gba ààfin lọ, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ wálé."

Ọ̀tún, àgbà ìjòyè, jágbe mọ́ ọn. "Ìyá Àlàó! Kí ará Àpáta wá ní a sá? Kí ìyà táwọn ọmọ wa ti jẹ níbẹ̀ di àjẹgbé?"

"Ẹ wá ń fi òmíràn kún un kó má baà di àjẹgbé? Olóyè, ọmọ tiyín ń kọ́?"

Ọ̀tún wúkọ́. "Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Ẹ kúkú mọ irú wọn. Omi kán sí fìlà Ọ̀tún, ó sún. Omi tún bá a. Ó dìde, ó nàka sókè: "A ò ní kúrò níbẹ̀ láé!" Ni òrùlé ààfin bá wó lé e lórí, tòun ti ìtẹ́ ẹyẹ.

"Ẹ pè wọ́n wá lónìí!" ló ń ké lábẹ́ koríko. Ta ni yóò lọ? Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun gbogbo ìjòyè. Àwẹ̀ró so ọ̀já mọ́dìí, ó lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó dé Ẹrẹ̀-Odò, ará ìlú náà àti ará Àpáta ló bá nídìí ẹmu, tí wọ́n ń pe ara wọn ní àna. Ọdẹ́dìran wà lókè ilé kan, ó ń di koríko bẹẹrẹ mọ́ òrùlé.

"Bàbá Àlàó! Ogun dà?"

"Ó ti parí tipẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ṣáà ní ká máa bọ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tá a ṣì wà níbí, ká bá àwọn bo ilé. Ilé ọ̀tá tó wá fẹ́yàwó níbí nìyí. Wò ó, omi ò lè kán síbẹ̀ mọ́."

Àwẹ̀ró rìn lọ sídìí ilé náà. Ó yọ àkàsọ̀, ó gbé e rù, ó kọjú sọ́nà. "Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni màá gbé e tì."

Ọdẹ́dìran fò, ó ń tiro tẹ̀ lé e. Àwọn géńdé yòókù rẹ́rìn-ín títí, wọ́n tẹ̀ lé àwọn méjèèjì.

Ta ló wá pàdé wọn lẹ́nu bodè? Ọ̀tún ni, ó da igbá borí nítorí òjò. "Ẹ káàbọ̀ o! Èmi ṣáà ti ń wí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé!"

Àwẹ̀ró wò ó látòkè délẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, Olóyè. Ẹ di igbá yín mú dáadáa. Àká tí ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ bò, kó tó kan ilé yín."