Irùngbọ̀n Gbogbo Ìlú

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ sí ààfin Ayétòrò lánàá, ìdajì irùngbọ̀n ló gbé e wá. Ìdajì kejì ti wà nínú ewúrẹ́.

Ísákì, atukọ̀ ìlú, ló pẹjọ́. Ìyá Rhoda, arúgbó tó ń se ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ló pè lẹ́jọ́. Olóyè Ọlálẹ́yẹ ló jókòó láti gbọ́ ọ, òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, àwọn bàbá onírùngbọ̀n tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì bí ẹyẹ òkun tó ń yá oòrùn.

Ìyá Rhoda mọ ohun tó ń dúró de òun bí wọ́n bá dá òun lẹ́bi. Wọ́n á gba ìkòkò ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dá a padà síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ibẹ̀ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kí ìlú tó gbé e síbi ọṣẹ. Èéfín ti bá ojú rẹ̀ jẹ́ débi pé ó kúnlẹ̀ kí òpó ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tún bi í léèrè àwọn ọmọ. Òórùn ẹja sì ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ológbò fi ń tẹ̀ lé e wọ ilé ìsìn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ọjọ́ tí ìkòkò ọṣẹ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó búra: ohunkóhun tó bá ti mí rí kò ní wọ inú ìkòkò òun. Ọ̀rá màlúù, ó dà á nù. Òróró ẹja tí gbogbo ìlú fi ń pa orí, ó ní kó máa lọ. Òróró àgbọn ló ń lò, àti àdín, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ilá, àti ewé tútù tó gún kúnná. Kódà, búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ tí onígbàjámọ̀ ìlú fi ń pa ọṣẹ sí àwọn ọkùnrin lágbọ̀n, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di fọ́nrán èèpo àgbọn mọ́ igi fún un. Nǹkan méjì ló ti jáde nínú ìkòkò náà: ọṣẹ ìfárùngbọ̀n àti ìpara irun. Ìpara ló dá wàhálà sílẹ̀.

Olóyè ní kí Ísákì sọ tẹnu rẹ̀. Ísákì dìde, ọwọ́ kan bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

"Gbé ọwọ́ kúrò," ni Olóyè wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rí ni. Gbé e kúrò."

Ísákì gbé e kúrò. Bẹ́ǹṣì ìgbìmọ̀ mì. Lápá ọ̀tún, irùngbọ̀n náà gùn dé àyà, ó ń dán. Lápá òsì, ó dà bí oko tí wọ́n ro tì. Ábúráhámù, àgbà ìgbìmọ̀, tí irùngbọ̀n tirẹ̀ funfun bí òwú tó sì gùn ju ti gbogbo wọn lọ, wú ikọ́ kan láti fi bo ẹ̀rín.

Ísákì wá rojọ́. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni òun máa tu ọkọ̀ lọ sí Òde Ùgbò láti jíṣẹ́ ìlú, ni òun bá lọ bá Èlíjà onígbàjámọ̀ pé kó tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ṣe. Ìyá Rhoda yọ sí wọn pẹ̀lú agbada ìpara, ó ní kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á. Irùngbọ̀n náà dán débi pé Ísákì ń tẹ̀ wo ara rẹ̀ nínú omi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sódò. Nígbà tí oòrùn mú, ó nà gbalaja sórí afárá pákó, lábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n sá.

"Mo sùn, Bàbá. Mo lálàá pé áńgẹ́lì kan ń fọwọ́ pa mí ní irùngbọ̀n. Mo ní, 'Mo dúpẹ́ o.' Áńgẹ́lì náà ní, 'Mẹ̀ẹ̀ẹ̀.'"

Olóyè sọ ojú sílẹ̀, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó bèèrè ohun tí Ísákì fẹ́ kí wọ́n ṣe.

"Kí wọ́n da ìkòkò rẹ̀ sínú òkun, kó padà síbi tó ti ń yan ẹja. Nígbà tí à ń fi òróró ẹja para, ewúrẹ́ wo ló sún mọ́ wa?"

Ìyá Rhoda bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ké bí ọkọ̀ ògbólógbòó tó kọlu èbúté, Olóyè yára ní kó dìde, kó má di pé ẹjọ́ mìíràn tún bá a nílẹ̀.

"Bàbá, mo ní ìbéèrè kan," ó wí. "Irùngbọ̀n ta ni ewúrẹ́ jẹ?"

"Ti Ísákì."

"Ísákì ní nǹkan ni?"

Ìyá Rhoda yí sí àwọn ìgbìmọ̀.

"Ní ìlú yìí, ta ló dá nǹkan ní? Ọkọ̀ tó ń tù, ti gbogbo wa ni. Àwọ̀n tó sùn sábẹ́ rẹ̀, ti gbogbo wa ni. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun, oúnjẹ ìlú ló jẹ tí irùngbọ̀n fi rí ọ̀nà hù. Ìgbà wo ló wá di tiẹ̀ nìkan?"

Ábúráhámù mi orí. Ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òfin ìlú gan-an nìyẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ tèmi níbí. Àwọn yòókù lórí bẹ́ǹṣì náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Rhoda rí i pé atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí ọ̀dọ̀ òun, ó ta ìgbòkun. "Ìpara, ti gbogbo wa ni. Ewúrẹ́, ti gbogbo wa ni. Ohun ìní wa ló jẹ ohun ìní wa nítorí ohun ìní wa. Ta ló wá jẹ ta ní gbèsè?"

"Ojú tó ń tì mí ńkọ́?" ni Ísákì wí. "Ti gbogbo wa ni òun náà?"

Olóyè pe ẹlẹ́rìí.

Èlíjà onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ní ojú òun ló ṣe, ewúrẹ́ dúdú ńlá kan ni.

"O rí i, o ò lé e?"

"Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni, Bàbá. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ìyàwó rẹ̀ ní ìwo?"

"Oòrùn wà lójú mi."

Ísákì fẹ́ fò mọ́ ọn, wọ́n dì í mú. Olóyè bi Èlíjà pé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ńkọ́, ṣé òun náà burú ni. Èlíjà ní ó burú púpọ̀, ilá tó wà nínú rẹ̀ máa ń mú kí abẹ yọ̀ bí ẹja. Olóyè ní kí ló dé tí agolo rẹ̀ fi ṣófo nígbà náà. Èlíjà wo ilẹ̀, ó wo àjà. Ó ní òun mú un lọ sílé láti dán an wò.

"Níbo lo ti dán an wò? Àgbọ̀n rẹ rí bó ṣe máa ń rí."

"Bàbá, níbì kan tí oòrùn kì í dé."

Àwọn tó dúró nítòsí Èlíjà sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ó ṣe ọ́ ní nǹkan?"

"Rárá, Bàbá. Ó ń dán ni."

Ìyá Rhoda gé ètè ara rẹ̀ jẹ kí ẹ̀rín má bàa já.

Hánà, obìnrin tó ń tọ́jú ewúrẹ́ ìlú, ló tẹ̀ lé e. Ó ní irọ́ ni Èlíjà ń pa, ewúrẹ́ náà kò dúdú, funfun báláú ni. Ó ní òun ò sì fẹ́ kí wọ́n ba ẹran òun lórúkọ jẹ́, nítorí kò jẹ irun.

"Kí ló wá jẹ?"

"Ewé tó wà lára irun ló jẹ, Bàbá. Irun ló tẹ̀ lé ewé lọ."

Àwọn ìgbìmọ̀ ní èyí náà bọ́gbọ́n mu. Hánà kò dúró síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ewúrẹ́ náà ti fẹ́ràn ìpara yẹn, kí wọ́n bi Ìyá Rhoda léèrè ẹni tó ń tẹ̀ lé e wọ ilé ìsìn láràárọ̀.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Rhoda. Olóyè rọra bi í bóyá ó dán ìpara yìí wò lórí ara rẹ̀ kó tó gbé e lọ sí àgbọ̀n ọkùnrin. Ó ní òun dán an wò.

"Tú gèlè."

"Bàbá, arúgbó ni mí."

"Tú u."

Ó tú u. Lókè orí, irun funfun ń kọ mọ̀nà. Ní ìpàkọ́, kò sí nǹkankan, ó tẹ́jú bí etí òkun. Ìyá Rhoda fọwọ́ kàn án. Ó ti ń rò pé ọjọ́ orí ló ń kó irun náà lọ, kò mọ̀ pé ẹni tó ń kó o ní eyín. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó mi ọmú, ó mi èjìká, títí tó fi ní láti di òpó mú.

"Bàbá, mo rò pé ewúrẹ́ náà fẹ́ di onígbàgbọ́ ni. Mo ń fún un láyè lórí ẹní mi. Bí oorun bá gbé mi lọ nídìí àdúrà tí gèlè yẹ̀, mà á gbọ́ pé nǹkan kan ń kàn mí lórí, mà á ní ìbùkún ti dé." Ó nu ojú. "Ísákì, áńgẹ́lì kan náà ni èmi àti ẹ ń rí."

Ísákì kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú. Ẹ̀rín já gbà á lápá òsì tí kò ti sí ohun tó bò ó.

Olóyè Ọlálẹ́yẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá dájọ́.

Ó ní ìgbìmọ̀ ti fẹnu ara wọn sọ pé irùngbọ̀n Ísákì, ti gbogbo ìlú ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ìdajì tó lọ, ti gbogbo ìlú ló lọ, kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ru àdánù gbogbo ìlú kiri ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nítorí náà, kí Ìyá Rhoda gbé ọṣẹ rẹ̀ wá, kí Èlíjà gbé abẹ. Gbogbo ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa fá lápá òsì, gbogbo wọn ni yóò sì bá Ísákì wọkọ̀ lọ sí Òde Ùgbò, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rò pé àṣà ìlú wa ni. Bí abẹ bá ya ẹnì kan, tàbí tí ara ẹnì kan wú, Ìyá Rhoda ń padà síbi ẹja nìyẹn.

Ábúráhámù dìde. Ó ní ní ti irùngbọ̀n ṣá, bí a bá tún un rò dáadáa, ó jọ pé ti oníkálukú ni.

"Òfin ìlú ńkọ́?" Olóyè bi í.

Ábúráhámù jókòó. Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan kan, ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Olóyè fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tí irun kan kò hù sí rí látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. "Gbogbo irùngbọ̀n yín, tèmi náà ni," ó wí. "Èmi ni mo pàdánù jù."

Ábúráhámù ni wọ́n kọ́kọ́ fá. Ìyá Rhoda ń fi búrọ́ọ̀ṣì èèpo àgbọn po ọṣẹ. Ó ń fojú inú rí èéfín, ó ń fojú inú rí àwọn ológbò. Ọṣẹ hó, abẹ kọjá. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ábúráhámù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún fọwọ́ kàn án, ó gbàgbé pé inú ń bí òun. Nígbà tí Èlíjà fi máa fá ẹni tó kẹ́yìn, ó ti sún mọ́ Ìyá Rhoda, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bóyá ọṣẹ díẹ̀ ṣẹ́ kù tí òun lè mú lọ sílé.

Bí ìkòkò ṣe dúró sọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìyẹn, ìyẹn gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìpara kò rí ìdáríjì bẹ́ẹ̀. Olóyè ní kí Ìyá Rhoda tún un pò, kó fi pa orí ara rẹ̀, kó jókòó láàárín ewúrẹ́ láìwé gèlè títí agogo oúnjẹ yóò fi lù. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi pa orí mìíràn àfi bí ewúrẹ́ bá kọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Rhoda ti fún omi ata sínú ìpara. Orí ń ta á bí iná, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹ, ó ń bú ara rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, gèlè wà lórí itan rẹ̀. Ìdajì ìlú tò sórí afárá pákó láti wòran. Ewúrẹ́ funfun náà sún mọ́ ọn, ó na imú, ó gbóòórùn ìpàkọ́ rẹ̀. Ó sín. Ó yí orí kúrò.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Rhoda gbé apá méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé ata. Ìgbà tó máa wo ilẹ̀, gèlè ti lọ dé àárín lẹ́nu ẹran.

"Hánà," ó ké, "ewúrẹ́ rẹ ń jẹ gèlè mi o."

Hánà kò dìde. "Gèlè ta ni, Ìyá?"